Adìẹ Ń Làágùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Kóòtù Ìgbà Ooru

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ kò tí ì ta sílẹ̀, tí oòrùn sì gúnwà sórí òrùlé páànù gbogbo ní Ìlaró ilé Orónnà bí ológò tí ó dógò ti onígbèsè, mo jókòó ní ìlà kejì nínú ilé Ọlọ́run kan níbi tí ọmọ àbúrò mi ti ń gbéyàwó, mo wọ kóòtù dúdú kan tí ó nípọn bí awọ ẹfọ̀n, mo fi táì fún ọrùn pinpin, mo sì de bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni tí a ní kí ó má ṣe mí mọ́. Kí àlùfáà tó béèrè bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun tí yóò sọ lòdì sí ìgbéyàwó náà, èmi ti ní ohun púpọ̀ lọ́kàn tí mo fẹ́ sọ lòdì sí kóòtù mi. Àwọn tí ó jókòó sẹ́yìn ń wò mí pé ọkùnrin yìí gbáfẹ́. Wọn kò mọ̀ pé omi ń ṣàn láti ìpàkọ́ mi dé ìbàdí bí odò Yewa nígbà tí ó bá kún. Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Ẹni tí ó jókòó tì mí jẹ́ bàbá arúgbó kan, aránṣọ ará Ayétòrò, tí ó ti kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Òun náà wọ kóòtù, aláwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọrin, àfi bí ẹni tí ó jókòó lábẹ́ igi ìrókò létí odò. Nígbà tí ìsìn parí tí a bọ́ sí ìta, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, oògùn wo ni ẹ lò sí ooru yìí?” Ó wò mí, ó ní, “Àbúrò, bọ́ kóòtù yẹn.” Mo bọ́ ọ. Kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀ rárá, inú rẹ̀ ni ó yí síta, ó fi ìka kan aṣọ dídán tí a fi tẹ́ ẹ láti èjìká dé ìṣẹ́tí, ó tẹ tìmùtìmù tí a kì sí èjìká, ó sì sọ pé, “Ojú aṣọ kọ́ ni ooru ń gbé. Ilé rẹ̀ nìyí.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yẹ inú kóòtù wò kí n tó wo ojú rẹ̀, ohun tí mo sì rí kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọkùnrin ilẹ̀ Yewa, ẹ̀yin tí iṣẹ́, òfin tàbí ayẹyẹ mú kí ẹ máa wọ kóòtù lábẹ́ oòrùn tí a kò dá kóòtù sílẹ̀ fún.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ara ń ṣe. Ara ènìyàn a máa fẹ́ kí ooru inú òun dúró ní nǹkan bí ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yálà ọyẹ́ ń jà tàbí oòrùn ń ràn. Bí ooru bá fẹ́ pọ̀ jù fún un, a tú omi jáde sí ojú awọ. Kì í sì í ṣe omi náà gan-an ni ó ń tu ara, gbígbẹ tí ó ń gbẹ ni, nítorí pé bí ó ti ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ ni ó ń ru ẹrù ooru dání lọ. Òógùn tí kò bá rí afẹ́fẹ́ gbẹ, iṣẹ́ àṣedànù ni. Ó kàn ń ṣàn ni, ooru sì jókòó síbi tí ó wà. Ní agbègbè wa yìí, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń gbé ọ̀rinrin wá bá wa láti ìhà gúúsù fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, òógùn kì í tètè gbẹ ní ara ẹni tí ó wà ní ìhòòhò pàápàá. Kí wá ni kí á sọ nípa ẹni tí ó fi aṣọ mẹ́ta di ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ pa?

Àwọn baba wa mọ èyí láìka ìwé. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn 20 ọdún tí ó ti papò dà, ka oríṣiríṣi ẹ̀wù àwọn ọkùnrin ayé ìgbà náà sílẹ̀, ó sì sọ pé sùlíà ni ó fúyẹ́ jù nínú wọn, aṣọ funfun ni wọ́n fi ń dá a, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ṣíṣí yẹn ni àṣírí náà. Agbádá tí àlejò lè wò kí ó pè ní ẹrù, kò gbóná tó bí ojú ti rò, nítorí pé bí onítọ̀hún ti ń rìn ni aṣọ ń fẹ́, afẹ́fẹ́ a gba ìsàlẹ̀ wọlé, a sì gba ọrùn jáde. Ní ọdún 1980 àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature nípa àwọn Bedouin, darandaran inú aṣálẹ̀, tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù dúdú ńlá nínú oòrùn gangan. Wọ́n rí i pé ẹ̀wù dúdú náà ń fa ooru oòrùn ju ti funfun lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru tí ó dé ara ẹni tí ó wọ èkínní kò ju ti ẹni tí ó wọ èkejì lọ, nítorí pé ẹ̀wù náà ṣò, afẹ́fẹ́ sì ń gbé ooru lọ kí ó tó kan awọ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwọ̀ nìkan tàn yín. Àwọ̀ funfun, àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ojú ọ̀run dára fún kóòtù, pàápàá nítorí pé kóòtù kì í ṣò bí agbádá, ṣùgbọ́n kóòtù funfun tí inú rẹ̀ dí yóò se ènìyàn bí mọ́ínmọ́ín inú ewé.

Kóòtù kì í ṣe ọmọ ilé yìí. Ó bá òyìnbó àti àwọn Sàró dé, ó sì ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láti ìgbà náà. Ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Brown Vincent, ajíyìnrere àwọn Onítẹ̀bọmi, tí ó pa orúkọ náà tì ní 1894 tí ó di Mọ́jọlà Àgbébí. Ó pa kóòtù tì pẹ̀lú, títí ó sì fi kú ní 1917, aṣọ ìbílẹ̀ ni ó ń wọ̀, bí ó bá tilẹ̀ lọ sí òkè òkun. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ pé gbogbo wa lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Lọ́yà kò lè fi dàńṣíkí rojọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga. Akẹ́kọ̀ọ́ Poli Ìlaró tí a ní kí ó wá ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́ kò ní fẹ́ kí a fi ìmúra dá òun mọ̀ sí aláìmúra. Ọkọ ìyàwó pẹ̀lú, bí ìyàwó bá ti ní kóòtù ni òun fẹ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ẹ̀rí mìíràn sì ń bẹ tí ó dàgbà ju Àgbébí lọ fíìfíì. Ẹni tí ó bá ṣí Bíbélì rẹ̀ sí ìwé Ìsíkíẹ́lì, orí 44, yóò rí i pé a pa á láṣẹ fún àwọn àlùfáà tí wọ́n ń wọ inú àgbàlá lọ pé aṣọ ọ̀gbọ̀ ni kí wọ́n wọ̀, kí wọ́n má ṣe fi irun àgùntàn kan ara, kí wọ́n má sì fi ohunkóhun tí ń mú òógùn wá di ara wọn ní àmùrè. Ó yà mí lẹ́nu pé bí a ti ń ka ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó, irun àgùntàn ni a ń wọ̀ lọ ka á.

Níbo wá ni kóòtù wa ti ń wá? Díẹ̀ ni a ń rán. Ọ̀pọ̀ jù lọ, ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́, òkìrìkà ni, bọ́síkọ́nà, ọmọ bẹ́ẹ̀lì. Láti ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti ń dì wọ́n, wọn a gúnlẹ̀ sí Kùtọ̀nú, wọn a sì gba ọ̀nà ẹnubodè Ìdìrókò àti àwọn ipa ọ̀nà inú igbó tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ ju èmi lọ, kí wọ́n tó tò wọ́n sí orí ọ̀rá ní Ọ̀jà-Ọ̀dán, ní Ìlaró àti ní Ayétòrò. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò fẹ́ kí a kó ògbólógbòó aṣọ wọ ilẹ̀ yìí, àwọn aṣọ́bodè a sì máa gbẹ́sẹ̀ lé e. Ní oṣù Ògún 2019 ni ìjọba ti gbogbo ẹnubodè ilẹ̀ pa, a kò sì ṣí ti Ìdìrókò padà títí di oṣù Igbe 2022. Ẹni tí ó bá gbé ní ilẹ̀ Yewa ní àkókò yẹn mọ ohun tí ojú rí, kì í ṣe ti aṣọ nìkan. Ṣùgbọ́n aṣọ náà ń bẹ lọ́jà títí di òní, n kò sì lè ṣe bí ẹni pé n kò rí i.

Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ kóòtù wọ̀nyí wọ̀ wọ́n láti sá fún òtútù. Bí a ti ń ṣe níhìn-ín, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Mo máa ń wo àwọn ọlọ́kadà wa lójú ọ̀nà Ìlaró sí Ayétòrò, bí wọ́n ti gbé jákẹ́ẹ̀tì onítìmùtìmù wọ̀, èyí tí a ṣe fún àwọn tí ń rìn nínú yìnyín, àwọn mìíràn a tilẹ̀ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Mo ti rẹ́rìn-ín wọn rí; n kì í rẹ́rìn-ín wọn mọ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ ìdájí tí ń lu àyà ẹni tí ó wà lórí alùpùpù kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ń fẹ́ sí ẹni tí ó dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá di agogo méjì ọ̀sán, tí mo rí i pé ó ṣì wà lọ́rùn wọn, àánú wọn a ṣe mí.

Bí ẹ bá wá dé ìdí àtẹ, tí ọmọ títa aṣọ ń pariwo pé fáàsì gíréèdì ni, ẹ má dá a lóhùn ná. Ẹ yí inú kóòtù síta. Bí láíníìnì, aṣọ tí a fi tẹ́ inú kóòtù, bá bo gbogbo inú rẹ̀, tí ó sì ń dán yinrin bí ọ̀rá, póòlísítà ni lọ́pọ̀ ìgbà, àbúrò ike àti ọ̀rá ni. Kò ní mu òógùn, kò ní jẹ́ kí ó jáde. Èyí tí a ń wá ni kóòtù tí láíníìnì rẹ̀ kò ju orí èjìká àti inú apá lọ, tí a sì fi tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ bo etí gbogbo ojú ìrán rẹ̀ kí ó má baà tú. Èjìká nílò díẹ̀ kí kóòtù lè jókòó dáadáa, apá sì nílò rẹ̀ kí ọwọ́ lè yọ̀ wọlé láìfa ọwọ́ ẹ̀wù sókè. Ẹ̀yìn kò nílò nǹkan kan. Ohun ìyanu tí aránṣọ Ayétòrò yẹn sọ fún mi ni pé kóòtù tí a kò tẹ́ inú rẹ̀ máa ń fún òun níṣẹ́ ju èyí tí a tẹ́ lọ, nítorí pé láíníìnì a máa bo àṣìṣe aránṣọ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí kò bá sí i, gbogbo ojú ìrán ni yóò fara han ayé.

Lẹ́yìn inú ni kí a tó bi aṣọ fúnra rẹ̀ léèrè ìdílé rẹ̀. Bí lébẹ̀lì bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ kà á. Ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ó bá jẹ́ èdè Faransé, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa tí ń sọ ọ́ ni ó gbà kọjá. Coton ni òwú, lin ni ọ̀gbọ̀, laine sì ni irun àgùntàn. Bí wọ́n bá ti já lébẹ̀lì dànù, ẹ bẹ ẹni tí ń tà kí ó fa fọ́nrán òwú kan yọ nínú ìṣẹ́tí fún yín, kí ẹ ṣáná sí i: òwú àti ọ̀gbọ̀ a máa jó bí ìwé, eérú wọn a sì kúnná, irun àgùntàn a máa rùn bí irun orí tí ó jó, póòlísítà kì í jó bẹ́ẹ̀, yíyọ́ ni ó ń yọ́, a sì dì sí kókó dúdú líle kan. Èyí tí ó tún rọrùn ju iná lọ ni kí a fi ẹnu lé aṣọ kí a fẹ́ atẹ́gùn sí i: bí èémí yín bá gba inú rẹ̀ kọjá kan ọwọ́ yín lódì kejì, ooru náà yóò rí ọ̀nà gbà.

Ọ̀gbọ̀ ni ọba nínú wọn. A máa fa omi, a máa yára gbẹ, a sì le díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni ayé ní sí i, pé ó máa ń rún. Kí ó rún. Èmi gbà pé rírún ọ̀gbọ̀ dà bí ewú orí àgbà, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹni tí kò bá sì lè gbà á mọ́ra, kí ó wá èyí tí a fi òwú là. Òwú gan-an tẹ̀lé e. Aṣọ òwú kan sì wà tí òyìnbó ń pè ní seersucker, tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ bí mo ti fẹ́ràn wíwọ̀ rẹ̀. Láti Íńdíà ni ó ti wá. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti èdè Páṣíà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni wàrà àti ṣúgà, nítorí pé ìlà kan nínú rẹ̀ tẹ́jú, ìlà kejì rí wúruwùru. Bí àwọn ahunṣọ ti ń ṣe é ni pé wọn a fa àwọn òwú ìlà kan le koko, wọn a sì dẹ ti èkejì, tí yóò fi jẹ́ pé bí aṣọ bá kúrò lórí òfì, apá tí a dẹ̀ yóò ká jọ. Àwọn ibi tí ó ká jọ yìí ni ó ń gbé aṣọ kúrò lára, tí afẹ́fẹ́ fi ń rí ọ̀nà gbà láàárín. Ní 1909 ni Joseph Haspel bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rán kóòtù àti ṣòkòtò ní New Orleans ní Amẹ́ríkà, ìlú tí ooru àti ọ̀rinrin rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Ó ń bọ̀ nínú bẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Aláwọ̀ funfun àti búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fò ó kọjá pé ó dà bí aṣọ àìsàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fò ó.

N kò ní ba Ìsíkíẹ́lì jiyàn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ pé kì í ṣe gbogbo irun àgùntàn ni ọ̀tá. Èyí tí a ran fọ́nrán rẹ̀ le, tí a sì hun ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ìwọ̀n mítà kan níbùú àti lóròó rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù 250 lọ, a máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, kì í sì í rún. Ó dára fún lọ́yà tí dúdú jẹ́ ọ̀ranyàn fún. Èyí tí mo wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ọjọ́sí yóò tó gíráàmù 400.

Ẹni tí ó bá ti ní kóòtù nílé, tí kò sì fẹ́ ra òmíràn, kí ó gbé e tọ aránṣọ lọ kí ó bá a tú láíníìnì ẹ̀yìn dànù, kí ó yọ tìmùtìmù èjìká, kí ó sì fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ìrán. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ fi ìka méjì fún àyà kóòtù wò: bí ó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ aṣọ inú mọ́ ti òde, kò ṣeé yà, bí a bá sì fi agbára yà á, ojú rẹ̀ yóò wú pẹ̀lẹ́bẹ̀-pẹ̀lẹ́bẹ̀ bí awọ tí iná jó.

Fún ẹni tí ó fẹ́ rán tuntun, Abẹ́òkúta kò jìnnà. Àdìrẹ Ìtòkú jẹ́ òwú, aláró rẹ̀ a sì yẹ ọkùnrin nínú kóòtù tí kò ní tìmùtìmù, tí a lẹ àpò rẹ̀ mọ́ òde, tí a là ní ẹ̀yìn, tí ó sì fi nǹkan bí ìka méjì ṣò ju ara lọ. Òfì ń dán, òfì ń wù mí, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ fún agbádá. Bí a bá fi í rán kóòtù, ó wúwo. Gínnì pẹ̀lú, lílù tí a ti lù ú tí ó fi ń dán ti di gbogbo ojú ihò rẹ̀ pa. Lábẹ́ kóòtù, ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú funfun. Àwọn kan ní ó ń fi ooru kún ooru, èmi sì rí i pé ó ń gba òógùn kí ó tó ba kóòtù jẹ́. Bí ẹ bá sì ti òde dé, ẹ fi kóòtù kọ́ sí ibòji kí ó gbẹ, ẹ má sọ ọ́ sínú àpótí ní tútù. Ti òkìrìkà, kí ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ó tó kan ara yín rárá, bí ó bá jẹ́ òwú tàbí ọ̀gbọ̀. Irun àgùntàn a máa sún kì nínú omi gbígbóná, omi tútù ni kí ẹ fi fọ tirẹ̀.

Ní ti kóòtù dúdú mi, n kò jù ú nù. Mo fi ta ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò wa lọ́rẹ ní oṣù Ọ̀pẹ tí ó tẹ̀lé ìgbéyàwó náà, nígbà tí ọyẹ́ mú dé góńgó. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣọ́de, òun kò wọ aṣọ tí ó móoru bẹ́ẹ̀ rí.